Ìfúnpá Ojú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Cataract fún Ẹni Tó Ní Glaucoma: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí aláìsàn àti ẹbí wọn ń béèrè léraléra la kó jọ síbí. Bí dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ yín bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí èyí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí òun ló rí inú ojú yín.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìfúnpá ojú?

Omi kan wà nínú ẹyinjú tó yàtọ̀ sí omijé. Ojú fúnra rẹ̀ ló ń pèsè é tọ̀sán-tòru, lẹ́yìn awọ dúdú tó yí ọmọlójú ká. Omi náà á gba inú ọmọlójú bọ́ síwájú, á wá gba igun tí awọ dúdú yẹn ti pàdé awọ iwájú ojú tó mọ́ gaara jáde. Ohun kan wà ní igun náà tó dà bí asẹ́, òun ni omi ń gbà sẹ́ lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí asẹ́ bá dí, omi á há sínú, ojú á le. Ìfúnpá ti ga nìyẹn.

Òṣùwọ̀n mmHg ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú tó dá ṣáṣá sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21. Àmọ́ kí ẹni tó ní glaucoma, àìsàn tó ń pa iṣan ìríran, má fi 21 ṣe ààlà tirẹ̀. Dókítà ló ń mú iye kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí iṣan ìríran rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó: ti ẹnì kan lè jẹ́ 18, ti ẹlòmíì 15, ẹni tí iṣan rẹ̀ ti jẹ kù díẹ̀ lè nílò 12 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sára káàdì ọsibítù yín.

Ṣé cataract àti glaucoma kì í ṣe ohun kan náà ni?

Rárá. Nínú cataract, lẹ́ńsì tí wọ́n bí mọ́ èèyàn ló di funfun bí omi ẹ̀kọ, ìmọ́lẹ̀ kò wá ráyè wọlé mọ́. Nínú glaucoma, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Lẹ́ńsì ṣe é pààrọ̀. Iṣan kò ṣe é pààrọ̀.

Nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 lára àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún, cataract ló fọ́ ojú nǹkan bí 43 nínú 100 afọ́jú, glaucoma fọ́ ti nǹkan bí 17. Nǹkan bí 5 nínú 100 àgbàlagbà ló ní glaucoma, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò. Ọjọ́ orí ló ń mú àìsàn méjèèjì wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá ara wọn lójú ẹnì kan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá ti yọ cataract, ṣé glaucoma náà ti lọ nìyẹn?

Kò lọ. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, àwọ̀ á mọ́, ẹ ó sì lè padà ka Bíbélì tàbí Kùránì bí iṣan bá ṣì lágbára. Ibi tí glaucoma ti jẹ kúrò nínú ìríran kò ní padà, àìsàn náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ayọ̀ ìríran tuntun máa ń jẹ́ kí èèyàn ju igo oògùn glaucoma sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó lé lórí á wá fọ́ láìsí ìrora kankan.

Kí ló ń gbé ìfúnpá sókè lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an?

Jẹ́ẹ̀lì ni olórí ẹ̀. Bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi lọ lẹ́ńsì kúnná, bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi yọ ọ́ lódidi láti ojú àpá kékeré, dókítà máa ń fi jẹ́ẹ̀lì kan tó ki kún iwájú ojú kí ààyè lè wà fún irinṣẹ́, kí awọ iwájú ojú má sì fara pa. Níparí iṣẹ́ ó máa ń fọ̀ ọ́ jáde. Èyí tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn lẹ́ńsì tuntun á yọ síta tó bá yá, á lọ dí asẹ́. Eruku lẹ́ńsì àtijọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti wíwú tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ náà tún máa ń dá kún un.

Ìfúnpá yìí sábà máa ń ga jù láàárín wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, á wá máa wálẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, nígbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ 3. Ẹni tí asẹ́ ojú rẹ̀ dára á gbé jẹ́ẹ̀lì náà jáde láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Asẹ́ ẹni tó ní glaucoma ti dí tẹ́lẹ̀, torí náà tirẹ̀ máa ń ga jù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálẹ̀.

Ẹ kíyè sí àkókò yẹn dáadáa. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní aago méjì ọ̀sán, ìfúnpá rẹ̀ lè dé 40 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó sì ti padà sí 22 nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Àyẹ̀wò ọjọ́ kejì nìkan kò lè rí èyí.

Tó bá ti tó iye mélòó ló léwu?

Iṣan tó ṣì lágbára lè fara da 30 fún ọjọ́ kan kó má ṣe é ní nǹkan kan. Iṣan tó ti kú tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní irú agbára yẹn mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ojú àárín nìkan ló ṣẹ́kù fún un, tó ń wòran bí ẹni tó ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́, lè pàdánù àárín yẹn náà nínú ìfúnpá ńlá ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kò látùn-únṣe.

Ní ti irú ojú bẹ́ẹ̀, dókítà kì í dúró de 40 kó tó ṣe nǹkan. Bó bá ti ń sún mọ́ 30 ló ti máa ń fún aláìsàn lóògùn. Bó bá kọjá 40, pàjáwìrì ni fún ojú ẹnikẹ́ni.

Kí ni wọ́n lè ṣe ṣáájú kó má baà gòkè?

Ohun mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, dókítà á fara balẹ̀ fọ jẹ́ẹ̀lì jáde, títí kan ẹ̀yìn lẹ́ńsì tuntun. Èkejì, ó lè fún yín ní hóró acetazolamide, 250 mg tàbí 500 mg, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kẹta, ó lè kán oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀ sójú náà kó tó bò ó. Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù, òun ni wọ́n sì máa ń fò jù: kí wọ́n wọn ìfúnpá ní wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ tó lọ sílé.

Bó bá ga nígbà náà, dókítà lè ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ àyẹ̀wò, á kán oògùn apakòkòrò àti èyí tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, á rọra tẹ ètè ojú àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi díẹ̀ lè jáde. Ìfúnpá á wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tún lè gòkè lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn tì í lẹ́yìn, kí wọ́n sì tún un wọ̀n.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ bi wọ́n pé: "Ta ló máa wọn ìfúnpá ojú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aago mélòó sì ni?" Bí ọsibítù bá jìnnà sílé, tí ojú yín sì ti bàjẹ́ púpọ̀, ẹ sùn sítòsí ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n lára nílé?

Bó bá ga gan-an: ojú á máa ro wá láti inú, ìrora náà lè gòkè dé egungun ìpéǹpéjú tàbí ìdajì orí, inú á máa rú, èébì lè gbé yín, ẹ lè máa rí òbìrìkítí aláwọ̀ yíká gílóòbù, ìríran á ṣú ju bó ṣe wà nígbà tí ẹ kúrò ní ọsibítù. Ẹ má fi paracetamol bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sì sùn. Ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n fún yín, alẹ́ kò burú.

Kí ojú máa ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí ó máa ṣomi díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìfúnpá. Ojú àpá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 30 tàbí 35 lè wà nínú ojú láìsí àmì kankan, torí náà "kò dùn mí" kò lè rọ́pò wíwọ̀n.

Ojú ń pọ́n, ó ń dùn, ìríran sì ń dínkù lọ́jọ́ kẹrin. Ṣé ìfúnpá náà ni?

Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn tó wọnú ojú, èyí tó burú ju ìfúnpá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yọjú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ọsibítù, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì. Wákàtí díẹ̀ lè pinnu bóyá ojú náà á yè.

Oògùn glaucoma tí mò ń kán tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró àfi tí dókítà bá dárúkọ rẹ̀ pé kí ẹ dá a dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì fẹ́ kí ẹ kán an. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ lo igo tuntun fún ojú tí wọ́n ṣe, torí ẹnu igo àtijọ́ lè ti ní ìdọ̀tí.

Irú oògùn méjì ni dókítà lè yí padà. Pilocarpine máa ń pa ọmọlójú pọ̀, ó sì lè mú kí ojú wú sí i, torí náà wọ́n sábà máa ń dá a dúró. Latanoprost àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, travoprost àti bimatoprost, làwọn dókítà kan máa ń sún síwájú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ìbẹ̀rù omi tó lè kó sí àárín ẹ̀yìn ojú. Àwọn mìíràn kì í dá a dúró, pàápàá fún ojú tí glaucoma rẹ̀ le. Ẹ béèrè tààrà.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí: wọ́n ṣe ojú ọ̀tún, aláìsàn dá oògùn ojú méjèèjì dúró. Ojú òsì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa kán tirẹ̀ lọ bó ṣe wà.

Oògùn ti di mẹ́rin. Báwo ni kí n ṣe kán wọn?

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ gbọn igo tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé kí ẹ gbọ̀n, pàápàá prednisolone acetate tó funfun bíi mílíìkì: bí ẹ kò bá gbọ̀n ọ́n, omi lásán lẹ ń kán, oògùn wà nísàlẹ̀. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kó dà bí àpò, ẹ kán ẹyọ kan síbẹ̀ láì jẹ́ kí ẹnu igo kan ojú. Ẹyọ kan tó. Ojú kò lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ pa ojú dé, ẹ fi ìka kan rọra tẹ igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kí ẹ má tẹ ẹyinjú fúnra rẹ̀. Èyí ni kò ní jẹ́ kí oògùn ṣàn gba imú lọ sọ́fun. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kán òmíràn, torí èyí tó tẹ̀ lé e kíákíá á fọ ti àkọ́kọ́ dànù. Oògùn tó ki bí ìpara ni kó kẹ́yìn.

Fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, ẹ fi téèpù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ igo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ó mọ́ àkókò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ìrun àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, ìròyìn alẹ́.

Kí ló yẹ kí n mọ̀ nípa acetazolamide àti timolol?

Acetazolamide máa ń mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe wìnnìwìnnì, kí èèyàn máa tọ̀ ṣáá, kí mínírà àti bíà korò lẹ́nu. Wọn kò léwu, wọ́n á lọ tí oògùn bá tán. Ohun tó léwu: ẹni tí oògùn sulfa máa ń bá jà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn náà, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín.

Timolol, oògùn glaucoma kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ni wọ́n ń kán an sí, ń dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn. Kò yẹ ẹni tó ní asthma rárá, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì ìfúnpá mi jẹ́ 15, lọ́sẹ̀ kẹta ó di 32. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Oògùn tí wọ́n fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Steroid wà nínú rẹ̀: dexamethasone, prednisolone tàbí betamethasone, nígbà mìíràn wọ́n pò ó mọ́ oògùn apakòkòrò nínú igo kan náà. Ó pọn dandan fún ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ kàn, torí òun ló ń pa wíwú. Àmọ́ nínú ojú àwọn kan, ó ń mú kí asẹ́ le, kí omi má lè sẹ́ jáde. Kì í ṣẹlẹ̀ lójijì. Ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì fi dára tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi bàjẹ́.

Lára àwọn tí kò ní glaucoma, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ìfúnpá rẹ̀ máa ń gòkè díẹ̀ pẹ̀lú steroid ojú, díẹ̀ péré ni tiwọn máa ń gòkè gan-an. Lára àwọn tó ní glaucoma tí igun ojú ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń rí i. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ní glaucoma, bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí ẹ kò bá ríran jìnnà láti kékeré, ewu náà pọ̀ sí i.

Ẹ má torí èyí dá steroid dúró lójijì. Bí wíwú bá padà wá, òun náà á tún dí asẹ́. Dókítà lè yára dín iye ìgbà tí ẹ ń kán an kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí fluorometholone tàbí loteprednol tí kì í sábà gbé ìfúnpá sókè tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó fi ketorolac, tí kì í ṣe steroid, rọ́pò rẹ̀, kó sì fi oògùn ìfúnpá kún un. Lẹ́yìn tí steroid bá tán, ìfúnpá sábà máa ń padà wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Abẹ́rẹ́ steroid tó ń jẹ́ triamcinolone tí wọ́n gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ló yàtọ̀: ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò sì ṣe é dá dúró.

Oògùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ṣì kù nínú igo. Ṣé mo lè máa kán an nígbà tí ojú bá ń yún mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, àṣà yìí ló ń ba ojú jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé yìí. Steroid inú oògùn náà ń tu ojú lára, ó ń jẹ́ kó funfun báláú, kẹ́mísí sì máa ń tà á láìbéèrè ìwé dókítà. Ẹni tó bá ń kán an fún oṣù mẹ́fà lè fọ́jú láìmọ ohun tó fọ́ ọ, nígbà tí ojú rẹ̀ funfun tí kò sì dùn ún.

Lọ́jọ́ tí dókítà bá ní kí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ da ìyókù nù. Ẹ má fún aládùúgbò, ẹ má fún ọmọ tí Àpólò mú. Àti pé omi ọmú, ìtọ̀, omi iyọ̀ tàbí omi àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ kan ojú tí wọ́n fi abẹ kàn.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá mi?

Fún ẹni tó ní glaucoma: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 bí steroid bá ṣì ń lọ, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sórí ètò glaucoma yín, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà. Àyẹ̀wò àárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ni wọ́n máa ń pa tì jù, òun sì ni àsìkò steroid.

Ibì kan sọ pé 14, ibòmíràn sọ pé 20. Èwo ni kí n gbà?

Ẹ̀rọ Goldmann, èyí tó ní iná búlúù tó ń kan ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, ni àwọn dókítà fi ń ṣe òdiwọ̀n. Perkins jẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn pòò sójú àti èyí tó ń fi abẹ́rẹ́ kékeré ta ojú fẹ́ẹ́ wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye ẹ̀rọ kan wé ti òmíràn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Awọ iwájú ojú náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bó bá fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ á sọ iye tó kéré ju òtítọ́ lọ. Awọ ojú àwa aláwọ̀ dúdú sì sábà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ. Bí awọ náà bá sì ṣì wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iye tí ẹ̀rọ ń sọ lè kéré ju ohun tó wà nínú ojú. Ẹni tó há èémí mọ́nú tàbí tó so táì mọ́ ọrùn pinpin lè rí iye tó ga. Ẹ tú bọ́tìnì ọrùn, kí ẹ máa mí bó ṣe yẹ.

Ṣé mo lè forí kanlẹ̀ kírun, tàbí kí n dọ̀bálẹ̀ kí àgbà?

Bí orí bá wà nísàlẹ̀ ju ọkàn lọ, ìfúnpá ojú máa ń gòkè títí èèyàn á fi dìde. Fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 àkọ́kọ́, ẹ jókòó kírun, kí ẹ máa tẹ orí ba díẹ̀. Ẹ fẹnu kí àgbà, wọ́n á gbà á. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, kí ẹ fi ìbòjú oníke bo ojú náà tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìfúnpá mi wálẹ̀ láti 23 sí 18. Ṣé mo lè fi oògùn sílẹ̀ báyìí?

Òótọ́ ni pé yíyọ lẹ́ńsì máa ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lára àwọn tí ìfúnpá ojú wọn ga, tí glaucoma kò tíì bá, ìfúnpá ojú 63 tí wọ́n yọ cataract wọn wálẹ̀ láti 23.9 sí 19.8 ní ìpíndọ́gba. Ẹni tí tirẹ̀ ga jù ṣáájú ló máa ń rí àǹfààní jù. Ẹni tó wà ní 14 tẹ́lẹ̀ lè máà rí ìyàtọ̀ kankan.

Àmọ́ ìwálẹ̀ yìí lè yọ́ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Dókítà lè yọ oògùn kan kúrò nínú mẹ́ta, kó sì tún wọ̀n yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má dá a yọ fúnra yín.

Wọ́n ní igun ojú mi há. Ṣé tèmi yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gan-an. Bí ọjọ́ orí ṣe ń pọ̀, lẹ́ńsì ń nípọn sí i, ó ń ti awọ dúdú síwájú láti lọ dí igun. Lẹ́ńsì oníke tó rọ́pò rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀, nítorí náà igun á ṣí. Ìwádìí EAGLE tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé fún àwọn tó ti pé ẹni 50 ọdún tí igun ojú wọn há tí ìfúnpá wọn sì ga, yíyọ lẹ́ńsì, kódà kó tó di cataract, ṣe dáadáa ju kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná laser dá ihò sí awọ dúdú. Bí igun bá ti há pẹ́ tó ti lẹ̀ pọ̀, àǹfààní náà á dínkù, ẹ ó ṣì nílò oògùn.

Mo ti ṣiṣẹ́ abẹ glaucoma rí. Ṣé cataract lè bà á jẹ́?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní trabeculectomy ṣí ọ̀nà tuntun fún omi lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè, ó sì ní roro kékeré kan níbẹ̀. Wíwú tó ń tẹ̀ lé iṣẹ́ cataract lè mú kí roro náà di àpá, kí omi má rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó dára kí ó tó oṣù 6 ó kéré tán láàárín iṣẹ́ méjèèjì, ọdún kan tún dára jù. Dókítà á ní kí ẹ máa kán steroid púpọ̀ ju ti ẹlòmíì lọ nítorí roro yìí, á sì máa wọn ìfúnpá léraléra.

Ìfúnpá mi wálẹ̀ dé 4. Ṣé kò dára bẹ́ẹ̀?

Kò dára. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 6, ojú lè ti rọ̀ jù, ìríran á máa ṣú. Nígbà mìíràn ojú àpá ló ń jò. Dókítà á fi ìwé tó ní àwọ̀ ọsàn kan ojú, á wò ó lábẹ́ iná búlúù bóyá omi ń ṣàn jáde. Ojú tó ń jò lè gba kòkòrò wọlé, torí náà ẹ má fi ṣeré.

Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, ojú tún ṣú. Wọ́n fẹ́ fi laser ṣe é. Ṣé ìfúnpá á tún gòkè?

Awọ ẹ̀yìn lẹ́ńsì tuntun ló di kùrúkùrú. Cataract kì í hù padà. Laser YAG á lu ihò sí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìfúnpá lè gòkè láàárín wákàtí 1 sí 4, nítorí náà wọ́n sábà máa ń kán brimonidine tàbí apraclonidine, oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀, sójú náà. Kí ẹni tó ní glaucoma dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó tó lọ.

Mo wà ní London, mo fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìbàdàn. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Igo latanoprost tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ẹ bá ti ṣí i, ó lè wà níta níbi tí kò ju 25 lọ fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà ẹ jù ú nù. Ilé tí iná kì í dúró sí lè máà bá a mu, ẹ bi dókítà màmá bóyá oògùn mìíràn wà. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí igo sí ara rẹ̀. Ẹ má sì fi ohun tí kò sí lórí ìwé dókítà màmá ránṣẹ́, pàápàá igo steroid.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, steroid ti tán, oògùn mẹ́ta ni mò ń kán, ìfúnpá ṣì wà ní 28. Kí ló kù?

Kí dókítà kọ́kọ́ wá ìdí. Bóyá èérún lẹ́ńsì àtijọ́ kù nínú ojú, bóyá lẹ́ńsì tuntun ń fẹnu họ awọ dúdú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí iwájú ojú bá ti pẹlẹbẹ tí ìfúnpá sì ga, omi lè ti ṣìnà lọ sẹ́yìn ojú dípò iwájú. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ojú tí igun rẹ̀ há ló máa ń bá jù, pilocarpine sì máa ń mú un burú sí i. Oògùn atropine ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, a jẹ́ pé glaucoma fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìtọ́jú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: laser sí asẹ́, trabeculectomy, tàbí ọ̀pá tíńtín tí wọ́n ń rì sínú ojú láti máa fa omi jáde. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, kí wọ́n tún àyẹ̀wò pápá ìríran, ìyẹn bí ojú ṣe ń ríran dé ẹ̀gbẹ́, ṣe. Èyí tí ẹ ṣe nígbà tí cataract ṣì bo ojú kò ṣe é gbára lé, torí cataract fúnra rẹ̀ máa ń mú kí gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ṣú. Tuntun yìí ni wọ́n á máa fi ṣe ìfiwéra láti ọdún yìí lọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́, torí fáìlì máa ń sọnù.